Kókó Ara: Ẹ Mọ Orúkọ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ọ̀rọ̀ ara wa ni a fẹ́ bá yín sọ, àní ọ̀rọ̀ àwọn nǹkan tó máa ń hù sí wa lára láìjẹ́ pé a gbìn wọ́n: kókó tó wà lábẹ́ awọ, àpá tó ń wú, ẹran kékeré tó so rọ̀ lọ́rùn, àmì dúdú tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilé tí kò ní ẹnì kan tó ní ọ̀kan nínú wọn kò wọ́pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í ṣe. Wọ́n á fi gèlè bo ti etí, wọ́n á fi ẹ̀wù bo ti àyà, wọ́n á sì máa dá a rò lóru.

Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ni láti abúlé dé abúlé ló jẹ́ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá parí tí àwọn yòókù sì ti lọ, ẹnì kan á dúró lẹ́yìn. Á ní, "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí," á sì ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àwa kì í ṣe dókítà, a sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni wọ́n máa ń bi wá. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé ẹnì kan ló fi ṣe mí? Ṣé kí n gé e? Nítorí pé ìbéèrè wọ̀nyí kò yí padà, a ti lọ bi àwọn dókítà, a sì ti ka ìwé wọn ní èdè Faransé. Ohun tí a rí ni a fẹ́ fi èdè wa sọ fún yín.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kókó ara rí. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ni, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Òmíràn wà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́, òmíràn wà tí abẹ ń wò sàn, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé abẹ nìkan ló máa sọ ọ́ di ńlá. Nítorí náà orúkọ rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀.

KÍ NI KÓKÓ TÍ KÒ LÓRÓ?

Hóró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni a fi ṣe ara wa. Ojoojúmọ́ ni àwọn kan ń kú tí àwọn mìíràn sì ń gba ipò wọn. Nígbà mìíràn, àwọn hóró tó wà lójú kan á máa pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ibẹ̀ á sì yọ kókó. Bí wọ́n bá dúró sí àyè wọn, tí wọn kò ya wọ inú oko aládùúgbò, tí wọn kò sì rán ọmọ wọn lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn nínú ara, kókó náà kò lóró. Jẹjẹrẹ ni èyí tó máa ń jẹ wọ inú ẹran tó yí i ká, tí ó sì ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, sí ẹ̀dọ̀, sí eegun.

Àwọn dókítà tó ń sọ Faransé a máa pe kókó tí kò lóró ní "bénin". Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti bi wá bóyá nǹkan kan wà láàárín ọ̀rọ̀ yìí àti orúkọ tí orílẹ̀-èdè wa gbà ní 1975. Kò sí ìbátan kankan. Látìnì ni ti àwọn dókítà ti wá, ẹni tó ní inú rere ni ó túmọ̀ sí. Kókó onínúure ni wọ́n ń pè é.

KÓKÓ Ọ̀RÁ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara tiwa. Kókó kan wà ní èjìká wa ọ̀tún láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Kò dun wá, kò pupa, kò sì gbóná. Nígbà tí a fi han dókítà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, kókó náà sì yẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀ bí ẹ̀wà tó wà nínú àpò. Ó ní kókó ọ̀rá ni, èyí tí wọ́n ń pè ní lipome lédè Faransé. Ọ̀rá ara ló kó ara rẹ̀ jọ sínú àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún ló sábà máa ń ní i, ní ẹ̀yìn, ní èjìká, ní ọrùn, tàbí ní apá. Kì í di jẹjẹrẹ, kò sì sí oògùn tí a lè mu tí yóò yọ́ ọ.

A bi í pé kí ni kí a ṣe. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní kí a máa lọ sílé. Bí ó bá ń ti ẹ̀wù tàbí okùn ẹrù lọ́nà, tàbí bí kò bá wù wá láti máa rí i, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ kú, kí wọ́n la awọ, kí wọ́n yọ ọ́ tàpò-tàpò, kí wọ́n sì rán an. A lè padà sílé lọ́jọ́ náà, kì í sì í sábà padà wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, bí ó bá ń dàgbà kíákíá, bí ó bá le tí kò sì yẹ̀ mọ́ lábẹ́ ìka, kí a padà wá láìdúró. Kókó náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, àwa àti òun kò sì ní ìjà.

Kókó mìíràn jọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ojú ihò kékeré kan lórí rẹ̀. Nǹkan funfun tó ń rùn ló kún inú rẹ̀, nítorí èérí awọ ara tí kò rí ọ̀nà jáde ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún un bí ẹni fún eéwo. Ó máa ń sọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún kún, nígbà mìíràn á sì di ọyún. Àpò rẹ̀ ni ó yẹ kí dókítà yọ. Bí àpò bá kù sínú, ẹrù á tún kún un.

ÀWỌN KÉÉKÈÈKÉ TÓ WÀ LÓJÚ ÀTI LỌ́RÙN

Àwọn àmì dúdú kéékèèké tó máa ń hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ojú àwa ènìyàn dúdú, dókítà ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Aldo Castellani ló kọ nípa wọn ní 1925. Wọn kì í ṣe àìsàn, wọ́n sì máa ń bá ìdílé rìn: bí ìyá bá ní i, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ní i. Àwọn ẹran kéékèèké tó so rọ̀ lọ́rùn àti ní abíyá náà kò lóró. Dókítà lè fi iná mànàmáná jó wọn tàbí kí ó fi abẹ gé wọn, ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ ẹ nítorí ẹwà mọ̀ pé ojú ibẹ̀ lè funfun tàbí kí ó dúdú ju awọ tó kù lọ.

Àwọn kókó líle tó máa ń hù sí ìka ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí ojú wọn rí háraháta, kòkòrò àìfojúrí ló ń fà wọ́n, wọ́n sì lè ran ẹlòmíràn. Púpọ̀ nínú wọn máa ń lọ fúnra wọn láàárín ọdún méjì. Bí ara kò bá gbà láti dúró, oògùn wà láti fi sí i, dókítà sì lè fi omi náítírójìn tó tutù ju yìnyín lọ dì í. Òtútù yìí náà lè fi àmì funfun sílẹ̀ lára awọ dúdú.

ÀPÁ TÍ KÒ MỌ IBI TÓ YẸ KÓ DÚRÓ

Ojú àpá kì í jọ ojú ara, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àpá kan wà tó máa ń ga sókè, tí ó sì ń kọjá ààlà ọgbẹ́ tó bí i. Bí a bá fara gbọgbẹ́, ara á rán àwọn mọlémọlé rẹ̀ lọ dí ojú ihò náà. Bí ògiri bá pé, ó yẹ kí wọ́n máa lọ sílé. Nínú ara àwọn kan, àwọn mọlémọlé yìí kì í lọ sílé. Wọ́n á máa mọ ògiri lé ògiri, àpá náà á le, á máa dán, á máa yúnni, nígbà mìíràn á sì máa ta ni.

Dókítà Alibert ti Paris kọ nípa rẹ̀ ní 1806. Ó kọ́kọ́ fún un ní orúkọ tó jọ ti jẹjẹrẹ, lẹ́yìn náà ó yí orúkọ náà padà sí chéloïde kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Èékánná akàn ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ń tọ́ka sí, nítorí bí àpá náà ṣe ń na ẹsẹ̀ sínú awọ tó yí i ká. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ran ẹnikẹ́ni. Àwa ènìyàn dúdú ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa jù, láti bí ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Etí tí a lu, àyà, èjìká, àgbọ̀n níbi irùngbọ̀n, ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára, ojú iná, ojú rorẹ́: gbogbo ibẹ̀ ni ó lè ti yọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan lu etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, nítorí yẹtí méjì-méjì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò. Kí ọdún tó yípo, kókó kan tó bí ẹ̀pà ti wà lẹ́yìn etí náà. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan, ẹnì kan níbẹ̀ sì gé e kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó fi ayọ̀ padà sílé. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, kókó náà ti tó ẹyin ẹyẹlé.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń wé gèlè nínú ilé. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí ọmọkùnrin kan wá tọrọ rẹ̀, àwọn ará ilé ọkọ rán ẹni wá bi wá ní ìkọ̀kọ̀ pé irú nǹkan wo nìyẹn, àti pé ṣé àwọn ọmọ tí yóò bí kò ní ní i. Ẹ̀gbọ́n wa bínú. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ní ìbéèrè náà tọ́, òun fúnra òun fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀.

A bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ní Kútọnú. Ohun tó sọ fún wa yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹni tó bá fi abẹ nìkan gé irú àpá yìí ti dá ọgbẹ́ tuntun sí ara tí kò mọ bí a ti í jáwọ́ nínú wíwo ọgbẹ́ sàn, nítorí náà ju ìdajì wọn lọ ló máa ń padà wá, tí wọ́n sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́. Bí a óò bá gé e, a gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú mìíràn tì í lẹ́yìn. Fún àpá kékeré, abẹ́rẹ́ oògùn triamcinolone nìkan sínú àpá náà, ní oṣooṣù fún oṣù mélòó kan, lè mú kí ó rọ̀ kí ó sì pẹlẹbẹ. Abẹ́rẹ́ náà máa ń dunni, ó sì lè jẹ́ kí ojú ibẹ̀ funfun fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan máa ń lo aṣọ silikóònù rírọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ àpá, tàbí òtútù. Ní ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà, wọ́n lè fi ìtànṣán sí ojú abẹ láìpẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n gé ti ọmọ wa, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì fún un ní yẹtí kan tó ń tẹ etí mọ́ra kí ó máa lò ó. Oṣù márùn-ún ló fi ń lọ gba abẹ́rẹ́. Owó ọkọ̀ nìkan tó nǹkan, àwọn ará ilé sì ti ń sọ pé kí ó jáwọ́, níwọ̀n ìgbà tí kókó ti lọ. Kò gbà. Ní ti ìbéèrè àwọn ará ilé ọkọ, dókítà dáhùn láìfi ohunkóhun pamọ́: ó máa ń bá ìdílé rìn lóòótọ́, àwọn ọmọ lè ní i, wọ́n sì lè má ní i, ohun tó yẹ ni kí a má ṣe lu etí wọn tàbí fín wọn lára láìnídìí. Ọmọbìnrin náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn èyí fún wọn. Nígbà tó lọ gba abẹ́rẹ́ kẹta, ọmọkùnrin náà ló bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí ẹnì kan nínú ilé bá ti ní irú àpá yìí, ẹ ṣọ́ra fún etí lílù, pàápàá tí ọmọ bá ti ń di géńdé. Ẹ̀yin ọkùnrin tí kókó líle máa ń yọ sí ẹ̀yìn ọrùn, ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ kí ó má ṣe fá irun yín mọ́ awọ pátápátá. Bí ẹ bá sì ń lọ fún iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú pé àpá máa ń wú lára yín.

ÈYÍ TÓ JỌ ONÍNÚURE, TÍ KÌ Í ṢE ONÍNÚURE

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé lẹ́bàá odò Ouémé àti odò Okpara ní ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ lè ti rí kókó líle tí kò dunni lórí eegun ìbàdí àwọn àgbà, tàbí ní ìhà, tàbí lórúnkún. Aràn ló ká ara rẹ̀ jọ síbẹ̀, èyí tí eṣinṣin dúdú kékeré etí odò ń gbìn sí ni lára. Kókó náà fúnra rẹ̀ kò lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ aràn náà ló ń jẹ́ kí ara máa yúnni, tí wọ́n sì ń fọ́ni lójú. Láti 1974 títí di 2002 ni iṣẹ́ ńlá kan fi gbógun ti eṣinṣin náà ní orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti tiwa nínú. Láti 1987 sì ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ivermectin ti kéde pé òun yóò máa fi í ta àwọn tí àrùn náà ń bá jà lọ́rẹ. Ẹni tó bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀, kí ó fi han àwọn olùtọ́jú, kí ó má sì ṣe kọ oògùn náà bí wọ́n bá ń pín in ní abúlé.

Èyí tó lágbára jù ni ti egbò Buruli. Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tó mọ àrùn yìí dáadáa, pàápàá ní ìhà Pobè, Zagnanado àti àwọn àfonífojì olómi. Kòkòrò tó bá ti ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ife tan ló ń fà á, àwọn ọmọdé ló sì ń mú jù. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré kan lábẹ́ awọ, tí kò gbóná, tí kò sì dunni. Lẹ́yìn náà awọ á jẹrà, egbò náà á sì máa jẹ lọ lábẹ́ awọ ju bí ojú ti ń rí i lọ.

Ìyá àwọn ọmọ wa ló kọ́kọ́ rí i lára ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, níbi ìgunpá. Ó tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó ní, "Kókó tí kò dun ọmọdé, èmi bẹ̀rù rẹ̀ ju èyí tó ń dùn ún lọ." Bàbá ọmọ náà ní kí a jẹ́ kí wọ́n kórè àgbàdo tán. Ìyá àwọn ọmọ wa kò gbà fún un. Ó lọ bá ìyá-ìyá ọmọ náà, ìyá àgbà sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú tí a dá sílẹ̀ fún àrùn náà ní Pobè. Egbò Buruli ni lóòótọ́. Oògùn méjì ni wọ́n fún un, oníhóró, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kò sí abẹ, kò sí egbò. A sì mọ ọmọkùnrin mìíràn tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé lọ. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò nà mọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan kún un. Àwọn kan máa ń sọ pé jẹjẹrẹ awọ ara kì í ṣe ènìyàn dúdú. Kì í sábà ṣe wá, ṣùgbọ́n bí yóò bá ṣe wá, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí abẹ́ èékánná ló sábà máa ń fi ṣe ilé. Ní 1977 ni wọ́n rí i lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ Bob Marley, olórin Jàmáíkà. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1981, ọmọ ọdún 36.

ÀWỌN OHUN TÓ YẸ KÍ A RÁNTÍ

Èkíní: ẹ má ṣe fi okùn so kókó, ẹ má ṣe fi abẹ ilé gé e, ẹ má sì ṣe fi omi bátìrì tàbí omi èèpo kajú jó o. Èèpo kajú yìí pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n sì mọ ohun tó máa ń ṣe fún ọwọ́ àwọn tó ń fọ́ ọ. Abẹ ilé a máa mú àrùn ipá wá, ọgbẹ́ tí a jó a sì máa bo ohun tó yẹ kí dókítà rí mọ́lẹ̀.

Èkejì: ẹ lọ láìdúró bí kókó bá ń dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, bí ó bá di egbò tí kò jiná, bí ó bá le tí kò sì yẹ̀, bí àmì dúdú àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná bá ń fẹ̀ sí i, àti bí ọmọdé bá ní kókó tí kò dùn ún.

Ẹ̀kẹta: bí wọ́n bá yọ kókó kan, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo hóró ara. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti máa ń dájú.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má ṣe wá ẹni tó fi ṣe yín. A ti rí ìdílé tó pín sí méjì nítorí kókó ọ̀rá lásán, tí wọ́n fẹ̀sùn kan ìyá arúgbó kan títí ó fi kó kúrò ní agbo ilé. Àjẹ́ kọ́ ló ń kó ọ̀rá jọ sí èjìká ènìyàn.

Ní ìparí, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ara wọn mọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó ní nǹkan lára mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò nílò kí a na ìka sí i. Ohun tó nílò ni ẹni tí yóò bá a jókòó, tí yóò bá a rí owó ọkọ̀, tí yóò sì bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń wé gèlè tàbí tó ń dé fìlà bo nǹkan kan nínú ooru ọ̀sán, ẹ ka ìwé yìí fún un ní ìkọ̀kọ̀. Ó dàbọ̀ o.